Ẹ gbà mí o, fítámì D ò ṣiṣẹ́ lójú ọmọ mi

Ìyá Basírà, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ti sú mi, ohun tí wọ́n bá kọ sí bọ́ọ̀dù kì í rí i, ó ń dà á kọ, tíṣà ní olódo ni, èmi tí mò ń san owó lẹ́sìn tí wọ́n tún fi kún un ní táàmù yìí láì sọ fún wa. Ìyá ọkọ mi ní fóònù ni, bí ẹni pé kì í ṣe òun ló ra fóònù ọ̀hún fún un. Ẹnì kan lọ́jà ní fítámì D ló dín lára ẹ̀, ó wọ́n bí ojú, mo rà á, ojú ò là. Ṣé kí n fi kún un ni?

Alájà Ṣágámù: Ẹ má fi kún un o! Tó bá pọ̀ jù, kíndìnrín ló máa bá jà. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ẹ ti yẹ ojú ẹ̀ wò?

Bàbá Ìperu: Kárọ́ọ̀tì ni kẹ́ ẹ máa fún un. Nígbà tiwa, bá a bá ti oko dé, bọ́ọ̀lù ló kàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ta ló lo gíláàsì nínú wa?

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́: Bàbá, ẹ fẹ́ sọ òótọ́, ẹ wá fi kárọ́ọ̀tì bà á jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ìta ni, kì í ṣe fítámì. Ẹyinjú tó bá gùn jù ni kì í rí ọ̀ọ́kán, ìmọ́lẹ̀ gbangba ló ń jẹ́ kí inú ojú tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní dopamine jáde tí ò ní jẹ́ kó yára gùn. Nínú kíláàsì, ìmọ́lẹ̀ kì í sábàá tó 500 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), níta lọ́sàn-án ó ń kọjá 10,000. Ní Guangzhou ní Ṣáínà, wọ́n fi ìṣẹ́jú 40 kún àkókò ìta àwọn ọmọ kíláàsì kìíní lójoojúmọ́, lẹ́yìn ọdún 3, bí 30 nínú 100 ló ní àìríran ọ̀ọ́kán yìí, àwọn tí wọn ò fi kún tiwọn fẹ́ẹ̀ tó 40. Ọmọ tó ń ṣeré níta, oòrùn á fún un ní fítámì D náà, ìyẹn ló jẹ́ káwọn èèyàn máa rò pé fítámì ló ń tọ́jú ojú.

Bàbá Ìperu: Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ìyá Basírà: Ìgbà wo ló fẹ́ ráyè ìta? Ilé-ìwé, lẹ́sìn, kéú. Kóòrùn wá sọ ọ́ di dúdú?

Alájà Ṣágámù: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ṣé ẹ ti yẹ ojú ẹ̀ wò?

Ìyá Basírà: A ti lọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n fún un ní gíláàsì. Mo gbé e pamọ́ ni. Ọmọ ọdún 9! Bàbá ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní kékeré, ṣé ó rí i bọ́ títí dòní?

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́: Háà! Bàbá ẹ̀ náà ń lò ó, ẹ wá ń ra fítámì? Gíláàsì kì í ba ojú jẹ́, ìran wọn ni. Eré ìta ò sì lè dá èyí tó ti gùn padà. Ẹ gbé e fún un lọ́la, kẹ́ ẹ tún lọ yẹ ojú ẹ̀ wò, nọ́ńbà ẹ̀ lè ti yí padà.

Ìyá Basírà: Wọ́n á máa pè é lólójú mẹ́rin.

Alájà Ṣágámù: Olódo tí wọ́n ń pè é báyìí ńkọ́?

Ìyá Basírà: Fítámì tó kù ńkọ́? Ó ṣì pọ̀ nínú ike o.