Ohùn ìyá àgbà wa ni wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, ta ló wá ni ín báyìí?

Ọmọ Pópó Ọba (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí kó dá mi lóhùn, torí kò tíì kúrò lọ́kàn mi látìgbà tó ti ṣẹlẹ̀. Ìyá bàbá mi wà ní Ẹ̀pẹ́ níbí, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa, àwọn ni wọ́n máa ń pè tí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó, ìkómọ tàbí ìsìnkú àgbà, pé kí wọ́n wá ki ìdílé. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí, inú wọn ni gbogbo ẹ̀ wà, ọ̀dọ̀ ìyá tiwọn ni wọ́n ti gbà á.

Nígbà ọdún Káyókáyó tá a máa ń ṣe l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ níbí, ọmọ àdúgbò kan gbé fóònù sí wọn lẹ́nu níbi tí wọ́n ti ń ki ìdílé kan, ó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ò dùn wá rárá, àwa náà ń pín in kiri ni. Àfi bó ṣe di oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ tá a tún rí òmíràn. Ohùn màmá ni, kedere, kódà bí wọ́n ṣe máa ń ha ọ̀fun díẹ̀ kí wọ́n tó gbóhùn sókè, ó wà ńbẹ̀, àmọ́ màmá ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé wọn. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n da bíìtì sí i nídìí, àwọn èèyàn sì ń fi jó.

Èyí tó wá dun màmá jù, oríkì tí ẹ̀rọ yẹn kà, ó da ìdílé méjì pọ̀. Ó mú ti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti Èkó Ẹ̀pẹ́, ó sọ baba onílé yìí di ọmọ onílé yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ wá nígbà tí àwọn gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851 ní ìtàn tiwọn, àwọn tí wọ́n bá ńbẹ̀ náà ní tiwọn, ẹni tó bá sì ń kì wọ́n, ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó jókòó síwájú òun. Màmá lọ sọ́jà Olúwo láti ra ẹja, obìnrin kan wá bi wọ́n níṣojú gbogbo èèyàn pé ṣé owó ni wọ́n gbà tí wọ́n fi lọ ba ìdílé àwọn jẹ́. Wọn ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìbéèrè mi nìyí. Ta ló ni ohùn yẹn? Ṣé ọmọ tó gbé fóònù ni, àbí ẹni tó fi ẹ̀rọ ṣe é, àbí màmá? Oríkì yẹn gan-an ńkọ́, ta ló ni ín? Àti pé tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni yóò máa kì wá báyìí lọ, kí làwọn ọmọ wa máa wá jókòó ti àgbà fún?

Sọ́jí Bíìtì (Agric, Ìkòròdú)

Ẹ bá mi kí màmá gan-an o, ẹ sọ fún wọn pé wọn ò jẹ̀bi ohunkóhun.

Stúdíò ni mò ń ṣe nínú Ìkòròdú níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí kó lè yé wa. Ẹ̀rọ tó ń da ohùn èèyàn kọ, kò nílò ohun púpọ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀ èèyàn á jókòó sí stúdíò ka ìwé fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ohùn ẹ̀ tó lè wọ inú kọ̀ǹpútà, ní báyìí ìṣẹ́jú díẹ̀ tí kò ní ariwo tó, àwọn kan ò tiẹ̀ nílò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn á kọ́ bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò, ibi tó ti ń mí, ibi tó ti ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ tó bá wù wọ́n sí i, á sì fi ohùn yẹn kà á. Kò mọ ẹni tó ń kì. Ìdí tó fi da ìdílé pọ̀ nìyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ míì ló kọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún fún wọn, ó kó èyí tó ti gbọ́ níhìn-ín, ó kó tọ̀hún.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ pé gbogbo ẹ̀ ló burú, torí mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà yìí ni mo fi ń yọ ohùn kúrò lára ìlù nínú rekọ́ọ̀dù àtijọ́, tí mo fi ń pa ariwo jẹnẹrétọ̀ rẹ́ nínú fídíò ìgbéyàwó. Àti pé orin wa ò dá wà látìbẹ̀rẹ̀, inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn èèyàn fún sààrì nígbà àwẹ̀ ni fújì ti jáde, ẹ̀dà kì í ṣe olè nígbà gbogbo. Ìkòròdú wa níbí làwọn ọmọ Ikorodu Bois wà, wọ́n ń fi bárò àti ìkòkò ilé ṣe ẹ̀dà fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà, ní 2020 Netflix fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn, kò sẹ́ni tó pè wọ́n lólè torí gbogbo ayé rí i pé àwọn ọmọ náà ni, ojú tiwọn, ọgbọ́n tiwọn, òógùn tiwọn. Ẹni tó ṣe ti màmá fi ara ẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ojú màmá. Ibẹ̀ ni mo ti yàtọ̀ sí i.

Ẹ rántí April 2023, ẹnì kan fi ẹ̀rọ ṣe ohùn àwọn olórin Drake àti The Weeknd, ó gbé orin jáde, kò pẹ́ tí Universal Music, ilé iṣẹ́ orin wọn, fi pariwo tí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò káàkiri. Ní June 2024 ilé iṣẹ́ orin ńláńlá mẹ́ta, Universal, Sony àti Warner, tún pe Suno àti Udio, àwọn ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tó ń dá orin ṣe, lẹ́jọ́ pé wọ́n fi orin àwọn kọ́ ẹ̀rọ láì gbàṣẹ. Àwọn yẹn ní lọ́yà. Ta ni lọ́yà màmá?

Bùrọ̀dá Lọ́yà (Ìgbógbó)

Mo ti rí i, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Òfin tá à ń lò báyìí lórí kọ́píráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ ẹni tó dá iṣẹ́ ṣe lórí iṣẹ́ ẹ̀, ni Copyright Act 2022, Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ká tó dé bẹ̀, òfin gẹ̀ẹ́sì ti 1911 ni wọ́n fi ń darí wa, ìgbà tó di 1970 la tó ṣe tiwa, a tún òmíràn ṣe ní 1988.

Fídíò kan ṣoṣo tí ọmọ yẹn gbà, ẹ̀tọ́ tó wà nínú ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Rekọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, ẹni tó ṣètò gbígbà á sílẹ̀ ló ni ín, ìyẹn ọmọ tó gbé fóònù, bó bá tiẹ̀ dun màmá. Ṣùgbọ́n màmá ní ẹ̀tọ́ tiwọn tó dá dúró, ẹ̀tọ́ ẹni tó ń ṣeré, pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀ tàbí kó máa tà á láì gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Èyí táwọn èèyàn kì í mọ̀ nìyẹn, wọ́n rò pé ẹni tó ní fóònù ló ni gbogbo ẹ̀.

Oríkì wá ńkọ́? Òǹkọ̀wé tó bá dá ìwé kọ, ẹ̀tọ́ ẹ̀ máa wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀. Oríkì ò ní òǹkọ̀wé kan pàtó, ẹ ò lè ka 70 ọdún fún un. Látọdún 1988 ni òfin wa ti ní apá kan fún irú nǹkan báyìí, ìtàn, orin, ijó àti ewì àbáláyé. Ẹni tó bá fẹ́ mú un lọ ṣòwò níta ibi tí àṣà ti ń lò ó, ó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, ó sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ìlú tàbí àwọn èèyàn tó ti mú un. Níbi tí mi ò ti bá òfin yìí lọ nìyí, ọwọ́ Nigerian Copyright Commission, àjọ ìjọba tó ń rí sí kọ́píráìtì, ni àṣẹ yẹn wà, kì í ṣe ọwọ́ ìdílé. Ìdílé tó ni oríkì, tó bá ń rìn lọ sí Abuja kó tó lè sọ pé òun ò fẹ́, mélòó ló máa lọ? Ó yẹ kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, màá sì máa sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti gbé máíkì fún mi.

Ó wá ku ohùn tí ẹ̀rọ ṣe. Wàhálà ibẹ̀ pọ̀. Rekọ́ọ̀dù ni kọ́píráìtì ń dáàbò bò, kì í ṣe bí ohùn èèyàn ṣe rí, ẹni tó bá sín ẹ jẹ kò jí rekọ́ọ̀dù ẹ. Torí ẹ̀ ni ìpínlẹ̀ Tennessee l'Ámẹ́ríkà fi ṣe òfin tiẹ̀ ní 2024 pé ohùn èèyàn, dúkìá ẹ̀ ni, tí ìjọba Denmark náà fi gbé àbá jáde ní 2025 pé kí ọmọ ìlú ní ẹ̀tọ́ lórí ojú àti ohùn ara ẹ̀. Àwa ò tíì ní irú ẹ̀. Ohun tá a ní tó sún mọ́ ọn ni Nigeria Data Protection Act ti 2023, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, ohùn tí wọ́n lè fi dá ẹ mọ̀ jẹ́ dátà tìẹ, mo rò pé lọ́yà tó bá gbójú lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ̀rọ yẹn tó lè sọ̀rọ̀ bíi màmá, ẹnì kan ti da rekọ́ọ̀dù màmá sínú ẹ̀. Ìdàsínú yẹn gan-an lohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ pe ẹjọ́ káàkiri. Ìwé ìròyìn New York Times pe OpenAI àti Microsoft, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, lẹ́jọ́ ní December 2023. Àwọn òǹkọ̀wé pe Anthropic, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ míì, torí ìwé tí wọ́n kó láti orí àwọn sáìtì tó ń jí ìwé pín, wọ́n sì fẹnu kò sí bílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là ní 2025. Ilé ẹjọ́ l'Ámẹ́ríkà tún ti sọ ní 2023, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì tẹ̀ lé e ní 2025, pé ohun tí ẹ̀rọ nìkan bá ṣe, tí kò sí èèyàn tó dá a, kò ní kọ́píráìtì. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn ni, ẹni tó gbé ti màmá jáde lè má rí nǹkan kan pè ní tiẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ tètè ṣe èyí ná: ẹ tọ́jú línkì ẹ̀, ẹ ya fọ́tò ojú ewé náà pẹ̀lú déètì, ẹ bá ọmọ tó gba fídíò àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kó fọwọ́ síwèé fún yín, kí ẹ wá kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì náà pé kí wọ́n yọ ọ́. Òfin 2022 yẹn fàyè gba ìwé bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Tíṣà (Àjàrá, Àgbádárìgì)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bùrọ̀dá Lọ́yà, àmọ́ ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, òun ló sì mú mi dá sí i.

Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá. Láti ìgbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn kọ̀wé, ti jáde ní November 2022, ìwé táwọn ọmọ ń kọ wá fún mi ti yàtọ̀. Ẹ bi ọmọ pé kó kọ nípa ìdílé ẹ̀, á mú ewì tó gún régé wá, gbogbo nǹkan tó wà ńbẹ̀ ló lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni láti ibikíbi, kò sí orúkọ ìyá ẹ̀, kò sí orúkọ àdúgbò ẹ̀. Mo dá a padà fún ọ̀kan nínú wọn, mo ní kó lọ bi ìyá ìyá ẹ̀ léèrè. Ègùn ni ìyá náà. Ọmọ yẹn padà wá pẹ̀lú ìlà mẹ́fà péré, ó ṣì wọ́n kọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń kà á ni ohùn ẹ̀ ń yí padà, gbogbo kíláàsì dákẹ́ ń gbọ́ ọ.

Ẹ wo Yorùbá ná, a pọ̀, Google Translate ti ní tiwa láti 2013. Ègùn ńkọ́? Àwọn tó ń sọ ọ́ ní Àgbádárìgì níbí, ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ nípa wọn ò tó nǹkan. Wọ́n wà láàárín ọ̀nà méjì tó le: bí wọn ò bá gbé èdè wọn síta, àwọn ọmọ á dàgbà sínú fóònù tí kò gbọ́ èdè wọn, bí wọ́n bá sì gbé e síta, ẹni tí wọn ò mọ̀ rí á kó o lọ. Èmi ní kí wọ́n gbé e síta, àmọ́ kó jẹ́ ọwọ́ àwọn fúnra wọn, kí orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ìlú ẹ̀ wà lára ẹ̀. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, gbé orúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde ní 2001, wọ́n gbé ti Ifá ní 2005, ó dáa, inú wa dùn. Ṣé ìyẹn ló mú ọmọ kan jókòó ti bàbá ẹ̀ kọ́ ọ?

Mi ò bẹ̀rù pé ẹ̀rọ máa gbọ́n ju èèyàn lọ. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé ọmọ lè má bi àgbà ní nǹkan kan mọ́ torí pé ẹ̀rọ ti tètè dáhùn. Tí wọ́n bá ń ki ìyàwó, omi máa ń bọ́ lójú ẹ̀ torí pé ẹni tó ń kì í mọ baba tó bí i, ó mọ ohun tójú ìyá ẹ̀ rí, ẹ̀rọ lè ka ọ̀rọ̀ kan náà láìsí ẹni tó mọ ìyàwó náà níbẹ̀. Ìdí tí obìnrin ọjà Olúwo yẹn fi bínú nìyẹn, ó gbà pé èèyàn ló sọ ọ́. Ọjọ́ tí a ò bá bínú mọ́ tí wọ́n bá kì wá ṣì, ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ló ń bà mí.

Ọmọ Pópó Ọba (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Àǹtí, mo ka tiyín fún màmá, wọ́n ní kí n tún un kà.

A ti rí ọmọ tó gba fídíò, ó bẹ̀bẹ̀, ó fún wa ní fáìlì náà, ó sì fọwọ́ síwèé. A ti kọ̀wé sí ìkànnì yẹn, à ń retí èsì. Màmá ò fẹ́ kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni o. Ohun tí wọ́n ní kí a ṣe ni pé kí a pe àgbà méjì méjì wá láti ìdílé méjèèjì, kí àwọn jókòó síwájú wọn, kí àwọn ki ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ bó ṣe tọ́, kí wọ́n gbà á sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ sí i sọ ọ́ níbẹ̀. Nínú ilé wa ìjà wà lórí ibi tí a máa kó o sí, bùrọ̀dá bàbá mi ní kí a tì í mọ́ àpótí, àwọn àbúrò mi ní YouTube. Màmá ní àwọn ìdílé tó ni oríkì ni kó dáhùn, kì í ṣe àwa.

Ìbéèrè kan ló kù. Kásẹ́ẹ̀tì ìyá wọn wà, wọ́n gbà á sílẹ̀ nígbà ìgbéyàwó kan láyé àtijọ́, inú àpótí ló wà, atẹ́gùn ọ̀sà ti bà á, ó ní funfun funfun lára. Ṣé ó ṣì lè sọ̀rọ̀?

Sọ́jí Bíìtì (Agric, Ìkòròdú)

Ó lè sọ̀rọ̀, ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Ẹ má fi sínú rédíò kankan, ẹ má nù ún, funfun yẹn, ebu ni, tí ẹ bá yí i báyìí ó lè lẹ̀ mọ́ra, tépù inú ẹ̀ á já. Ẹ fi bébà wé e, kì í ṣe náílọ́n, ẹ fi síbi tó gbẹ tí oòrùn ò dé. Ẹ bi màmá ìgbéyàwó ta ni, ọdún wo, ta ló ń lùlù, ta ni wọ́n ń kì, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì rántí, torí ìyẹn ni mi ò lè bá yín yọ nínú tépù. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ní Ìkòròdú, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó gbéra, mi ò ní gba owó.