Báwo lẹ ṣe ń dá Boeing 767 àti Airbus A330 mọ̀ láti ìsàlẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ bàálù. Abẹ́òkúta ni mo wà, orí Àpáta Olúmọ ni mo sì ti máa ń wo àwọn bàálù tó ń kọjá. Boeing 737 àti A320 ò fún mi ní wàhálà: 737 kò ní ìlẹ̀kùn tó bo táyà ńlá rẹ̀ tán, ẹ ó rí táyà dúdú roboto méjì lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ti A320 máa ń pa dé pátápátá ni.

767 àti A330 gan-an ló ń da orí mi rú. Ẹ́ńjìnnì méjì-méjì, táyà mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́sẹ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá na ẹsẹ̀ láti balẹ̀, táyà iwájú 767 ló máa ń rọ̀ sílẹ̀, ti A330 sì jẹ́ ti ẹ̀yìn, ó sì dùn ún wò gan-an! Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń kọjá lórí wa níbí, ẹsẹ̀ ṣì wà nínú. Ẹnu ìyẹ́ tó ká sókè ò tó gẹ́gẹ́ bí àmì, torí àwọn 767 kan náà ní in.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin kọ́kọ́ máa ń wò? Ìrù ni, àbí bí ìyẹ́ ṣe fẹ̀ tó sí gígùn ara?