"Purl": níbo lẹ ti pàdé ọ̀rọ̀ yìí?

Abẹ́rẹ́ Méjì: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná. Inú ìlànà híhun fìlà wúlù ni mo ti rí i: "k2, p2" títí ìlà fi parí. K ni knit, p ni purl: oríṣi ojú ìhun méjì ni wọ́n, 2 sì ni iye ojú. Tó bá jẹ́ knit, ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ni òwú ń wà. Tó bá di purl, ẹ mú òwú wá síwájú, kí abẹ́rẹ́ gba ọ̀tún wọ ojú ìhun náà. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ojú kan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹ yí aṣọ padà, knit á di purl, purl á di knit! Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ kí ojú aṣọ dán fi ń hun ìlà kan ní knit, kó tó hun èyí tó kàn ní purl. Tí ẹ bá wá tò wọ́n ní méjì-méjì bíi ti fìlà mi, aṣọ á máa nà, á sì tún máa súnkì padà, kó lè di orí mú.

Aríwé-má-sùn: Omi lèmi mọ̀ ọ́n sí ní tèmi. "Purling stream" pọ̀ nínú ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́: odò kékeré tó ń ṣàn yípo òkúta, tó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan ní òun fẹ́ purl ìlà díẹ̀ kí òun tó sùn, mo wò ó sùn-ùn. Omi wo lórí bẹ́ẹ̀dì?

Olówùú Wúrà: Ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́wọ́ àwa tá a ń fi wúrà ṣe ọnà sára aṣọ, purl kì í ṣe ojú ìhun rárá. Wáyà tín-ín-rín ni, tí wọ́n lọ́ bíi sípíríńgì inú bírò. A ó gé e sí kékeré-kékeré, a ó ki abẹ́rẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, a ó sì rán an mọ́ aṣọ bí ìlẹ̀kẹ̀. Sísísì ọnà ni kí ẹ fi gé e o, kì í ṣe èyí tó mú jù nílé. Wáyà á ba ẹnu rẹ̀ jẹ́.

Abẹ́rẹ́ Méjì: Ìyẹn ga o! Mi ò gbọ́ ọ rí.

Ará Láíbúrérì: PURL tiwa, lẹ́tà ńlá ni. Àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í yí padà ni: bí ìwé bá kó lọ síbòmíràn, òun ni yóò júwe ibi tó wà. OCLC, àjọ àwọn ilé ìkàwé, ló gbé e kalẹ̀ ní 1995, Internet Archive, ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló sì gba àbójútó rẹ̀ ní 2016.

Aríwé-má-sùn: Mo tún rántí òmíràn. Nínú ìtàn Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́, ọtí ni: bíà gbígbóná tí wọ́n fi ewé kíkorò sí. Àwọn kan ń wa ọkọ̀ ojú omi kiri orí odò Thames láti tà á fún àwọn atukọ̀.

Olówùú Wúrà: Ìyẹn gan-an ni màá mu báyìí.