Ìrìn Màmá ti yàtọ̀: báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n lè ṣubú?

Ọmọ Màmá:
Ẹ kú ilé o. Màmá wa ti pé ẹni ọdún 77. Wọn ò tíì ṣubú rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń fọwọ́ tọ ògiri, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ń wọ́ nílẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ṣé ogbó lásán ni? Kí la lè yẹ̀ wò nílé?

Ẹsẹ̀-Gírí:
Ẹ gbé àga tó ní apá síbi tó tẹ́jú, ẹ wọn mítà 3 síwájú rẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fàlà síbẹ̀. Kí Màmá wọ bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n dìde, kí wọ́n rìn dé orí ìlà, kí wọ́n yí padà wá jókòó. Ẹ fi fóònù ka àkókò rẹ̀. Bó bá tó ìṣẹ́jú-àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu wà. Kí ẹnì kan máa bá wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má dì wọ́n mú.

Ibi tí wọ́n ti ń yí padà ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ẹni tó bá ń ṣísẹ̀ wẹ́wẹ́ kó tó yí tán, tó tún ń wá ohun dìmú, ìrìn rẹ̀ ti mẹ́hẹ. Ìrìn jẹ́jẹ́ nìkan ò tó ẹ̀rí; ìṣísẹ̀ tí kò dọ́gba, kan gùn, kan kúrú, ló ń dẹ́rù bani jù. Ẹ tún bi wọ́n ní ìbéèrè bí wọ́n ṣe ń lọ. Láti ọdún 1997 ni àwọn oníwàádìí ní Sweden ti ṣàkíyèsí pé àgbàlagbà tó bá dúró kó tó lè fèsì sábà máa ń ṣubú ju ẹni tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ti ẹsẹ̀ kan tó ń wọ́ yẹn, ẹ má pè é ní ogbó. Ẹ yí bàtà méjèèjì dé: ṣé imú ti ọ̀tún ló jẹ jù? Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀, kí wọ́n gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè. Bí ọ̀tún ò bá gbé tó òsì, iṣan rẹ̀ tàbí fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló níṣòro: ó lè jẹ́ láti ẹ̀yìn, láti ẹ̀gbẹ́ orúnkún, láti ọ̀dọ̀ ìtọ̀ ṣúgà, tàbí rọpárọsẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òjijì ló bẹ̀rẹ̀, tàbí ẹnu wọ́, ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Oògùn ńkọ́? Òmíràn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru já wálẹ̀ bí èèyàn bá dìde. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 lórí ìdùbúlẹ̀, ẹ tún un wọ̀n bí wọ́n bá ti dúró fún ìṣẹ́jú 1, àti 3. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má fúnra yín dá oògùn dúró o. Ẹ dárúkọ oògùn oorun náà bí wọ́n bá ń lò ó.

Ọmọ Màmá:
Ẹ ṣé gan-an. Ìṣẹ́jú-àáyá 17 ni wọ́n lò, ọ̀tún ò sì gbé dáadáa. Ọ̀la la máa lọ rí dókítà. Ọ̀pá onígi tí a rà ga jù, ó ń ti èjìká wọn sókè.

Ẹsẹ̀-Gírí:
Gé e. Kí wọ́n wọ bàtà, kí wọ́n na ara ró, kí ọwọ́ rọ̀ sílẹ̀. Ẹ dojú ọ̀pá dé kí ibi ìdìmú kanlẹ̀, ẹ sàmì síbi tó bá ọrùn ọwọ́ mu. Rọ́bà ìdí rẹ̀ máa ń fi díẹ̀ kún gígùn, nítorí náà ẹ yọ ìwọ̀n ìnípọn rẹ̀ kúrò kí ayùn tó kàn án. Ọwọ́ òsì ni kó wà, torí ẹsẹ̀ ọ̀tún ló rọ; ọ̀pá àti ọ̀tún ni kó jọ máa lọ síwájú. Bí ìlà abẹ́ rọ́bà bá ti jẹ tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀: orí táìlì tútù, yíyọ̀ ló máa yọ̀.