Ọ̀rọ̀ lórí "ìjóná kejì": èéfín ni kò gbiná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ọ̀kan lára wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà fún àwọn tó ń lo sítóòfù onígi dábàá pé kí a máa pe iná tó ń jó lókè, tí kò kan igi, ní "ìjóná kejì". Abala tó fi ránṣẹ́ dá lórí ohun tí èèyàn lè ṣe bí iná òkè yìí kò bá wá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì gbà pé yóò ṣi àwọn òǹkàwé lọ́nà.

Bí ooru bá mú igi, igi a máa tú gáàsì àti ọ̀dà jáde kó tó di ẹ̀yín iná. Ó lé ní ìdajì agbára igi tó wà nínú ohun tó ń tú jáde yìí. Bí kò bá jó, òun ni èéfín tó ń gba páìpù lọ, tó ń lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bí ọ̀dà dúdú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to ọ̀pá irin oníhò wẹ́wẹ́ sókè nínú sítóòfù, kí afẹ́fẹ́ tó ti gbóná lè gba ibẹ̀ pàdé èéfín. Bí ooru bá tó nǹkan bí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iná á yọ lẹ́nu àwọn ihò náà.

Kí ló wá jóná lẹ́ẹ̀kejì níbẹ̀? Kò sí. Èéfín tí kò jó rí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jó. Ẹni tó bá kà pé "ìjóná kejì kò wáyé" á rò pé iná ń kú lọ ni, á sì kó igi sí i. Bó bá wá jẹ́ pé igi tútù ló fa wàhálà ọ̀hún, ó ti dá kún un nìyẹn, torí omi inú igi ló ń jẹ ooru tí èéfín ìbá fi jó.

Àbá tèmi ni "ìgbiná èéfín". Ẹ bi sítóòfù pé kí ló dé tí èéfín kò gbiná, ìdáhùn á máa wá fúnra rẹ̀. Bóyá omi inú igi ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ (inú igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, ẹ má wọn ẹ̀yìn rẹ̀). Bóyá a tètè dín afẹ́fẹ́ kù kí ẹ̀yín iná tó pọ̀ tó. Bóyá okùn etí ilẹ̀kùn ti jẹ, tí afẹ́fẹ́ tútù ń wọlé. Bóyá eérú dí àwọn ihò, tàbí irin tó bo òkè iná ti yẹ̀, tí èéfín ń sá kọjá.

Ẹnìkan ní èéfín kì í jó, pé ìgbà tí iná bá ti kú ló ń rú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ́ àbẹ́là pa, kí ẹ tètè gbé ìṣáná sínú èéfín tó ń rú lórí òwú rẹ̀. Iná á gba inú èéfín sáré padà sórí òwú. Ẹlòmíràn ní a ti ń lo "gbiná" fún ìbínú. Lára iná la ti yá a fún ìbínú. Kò yẹ kí ìbínú gbà á lọ́wọ́ iná.

"Afẹ́fẹ́ kejì", orúkọ tí wọ́n ń pe afẹ́fẹ́ tó ń gba àwọn ihò òkè pàdé èéfín, náà ní àbùkù kan náà. Mo kọ́kọ́ ro "afẹ́fẹ́ òkè", àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ sítóòfù ìsinsìnyí, afẹ́fẹ́ tó ń bọ́ igi náà ń ti òkè ṣàn wálẹ̀ lára gíláàsì ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó ń bọ́ pè é: "afẹ́fẹ́ igi" àti "afẹ́fẹ́ èéfín".

Ibi kan ṣì wà tí àbá mi kò dé. Àwọn sítóòfù kan ní ohun kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, onírin tàbí alámọ̀, tí èéfín ń jó lára rẹ̀ láti nǹkan bí 260 Celsius, nígbà púpọ̀ láìsí ọwọ́ iná rárá. Afárá náà kàn lè pọ́n ni. Ṣé a lè ní èéfín yẹn gbiná? Ọkàn mi kò gbà á. "Èéfín ń jó" ni mo kọ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju ìyẹn lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá.