Laptop wo ló máa mú Wi-Fi ilé-ìwé fún ọmọ mi tó ń lọ Manchester?

Màmá Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọkùnrin mi ti rí àyè wọlé sí yunifásítì kan ní Manchester, oṣù kẹsàn-án ló máa lọ. Oníbàárà wa kan ní Computer Village, Ìkẹjà, fẹ́ ta HP EliteBook 840 G3 fún wa, tòkunbọ̀. Ó ní kò sí Wi-Fi tí kò lè mú. Àmọ́ ilé-ìwé kọ̀wé pé eduroam làwọn ń lò. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èdè àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ dá mi lóhùn o.

Àkàndé_Leeds:
Mọ̀mí, ẹ má tíì sanwó.

Ibi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé laptop wá tí kò bá mú Wi-Fi ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní yunifásítì kan níbí. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá wọlé, èrò máa ń tò dé ẹnu ọ̀nà, èyí tó gbé laptop olówó gegere dání sì wà lára wọn.

eduroam kì í ṣe Wi-Fi tí gbogbo ilé ń fi páswọ́ọ̀dù kan náà wọ̀. Orúkọ ọmọ yín àti páswọ́ọ̀dù tirẹ̀ ló máa fi wọlé. Bó bá lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì mìíràn tó ń lò ó, ìbáà jẹ́ ní Jámánì, laptop náà á mú un fúnra rẹ̀.

G3 yẹn, Wi-Fi rẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣíìpù Intel ìran kẹfà ló wà nínú rẹ̀, ìran kẹjọ sókè sì ni Windows 11 ń fẹ́. Microsoft ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, kì í fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn yunifásítì kan ò sì fẹ́ rí i lórí nẹ́tíwọ́kì wọn mọ́. Bí ẹ bá bá Windows 11 lórí G3, ọgbọ́n ni wọ́n dá sí i. Ẹ béèrè 840 G5, kẹ́ ẹ sì rí i pé Intel ìran kẹjọ ló wà nínú rẹ̀, torí àwọn kan nínú wọn jẹ́ ìran keje. Ó tún ní ojú tí wọ́n ń ki wáyà nẹ́tíwọ́kì sí, ọ̀pọ̀ laptop pẹlẹbẹ òde òní ò ní in mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn họ́sítẹ́ẹ̀lì kan ṣì ní wáyà lára ògiri.

Ní ṣọ́ọ̀bù, kí ọmọ yín ṣí cmd, ìyẹn fèrèsé dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí nínú Windows, kó tẹ *netsh wlan show drivers*. Níwájú "Radio types supported", 802.11ac tàbí ax, ìyẹn orúkọ àwọn ìran Wi-Fi tó ṣì yá, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó bá parí sí 802.11n, ìran àtijọ́ ni, ọ̀pọ̀ wọn kì í rí 5GHz, ọ̀nà Wi-Fi tó yá, orí 2.4GHz, ọ̀nà àtijọ́, ni wọ́n máa há sí. Gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ń rọ́ gba ibẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń há ní Ọ̀jọ́ta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Bísí nọ́ọ̀sì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mẹ́nu ba tòkunbọ̀ tó ti iléeṣẹ́ wá. Èyí tí àbúrò mi rà, bó ṣe tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀ ni orúkọ iléeṣẹ́ kan jáde, ó ní kó fi ímeèlì ibi iṣẹ́ wọlé! Kò ríbi gbé e gbà.

Àkàndé_Leeds:
Ẹ ṣeun, àǹtí. Mọ̀mí, kí wọ́n ṣe Reset rẹ̀ lójú yín, kí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀.

Màmá Bódìjà:
Ọlọ́run á bù kún yín. Wọ́n ní G5 wà. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní MacBook ni kí n rà. Accounting ló fẹ́ kà.

Àkàndé_Leeds:
Mac ń mú eduroam dáadáa. Ṣùgbọ́n Excel ti Mac ò ní Power Pivot, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìtúpalẹ̀ ìṣirò tó pọ̀, wọ́n sì lè bi í ní kíláàsì. Ẹ fowó yẹn ra jákẹ́ẹ̀tì òtútù fún un.

Bí ilé-ìwé bá ti fún un ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù, kó lọ sí cat.eduroam.org láti Ìbàdàn níbẹ̀, kó wá orúkọ ilé-ìwé rẹ̀, kó gba ètò tó ń so laptop mọ́ eduroam, èyí tó jẹ́ ti Windows, sórí laptop. Tó bá di pé ó dé Manchester láìní dátà lórí fóònù, kò ní ríbi gbà á.