Kẹ́mò, oògùn jẹjẹrẹ, ń lọ lọ́wọ́: ṣé a lè wọ́ra, ṣé a lè gún abẹ́rẹ́ Ṣáínà?

Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka jẹjẹrẹ:
Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìrìndọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń lé èèyàn nídìí oúnjẹ jù. Ojú ibì kan wà lápá tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní Neiguan. P6 ni wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ẹ to ìka mẹ́ta pọ̀ sórí apá, ìfábẹ̀lá, ti àárín àti ìka òrùka, kí ìka òrùka fara kan ìlà ọrùn ọwọ́. Etí ìfábẹ̀lá níhà ìgbọ̀nwọ́, láàárín iṣan méjì tó máa ń yọ tí èèyàn bá di ẹ̀ṣẹ́, ibẹ̀ ni. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ máa yí i róbótó fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, kẹ́ ẹ wá ṣe ọwọ́ kejì. Ìka aláìsàn fúnra rẹ̀ la fi ń wọ̀n ọ́n. Tí ọkọ tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi bá bá ìyàwó rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó ti gba ojú ibẹ̀ kọjá.

Ẹ má tìtorí ìyẹn pa ondansetron, oògùn tó ń dá èébì dúró, tì o. Ti èébì ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ni ìwádìí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lórí P6. Ti kẹ́mò kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Oníṣẹ́ másáàjì:
Nọ́ọ̀sì, ẹ kú àlàyé. Ní tiwa tá à ń wọ́ra, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ la kọ́kọ́ ń béèrè ká tó mú òróró. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ platelets sí: òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bó bá dín sí 50,000, ẹ má fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ tí a fi ń fi òrí pa ọmọ ìkókó lára ti tó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ara á dúdú bí ẹni tí wọ́n lù. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn kẹ́mò ló sábà máa ń lọ sílẹ̀ jù, nítorí náà ẹni tó ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kẹta ló dáa fún un jù. Bí jẹjẹrẹ bá sì ti dé egungun, ẹ gbàgbé “ọmọ, wá tẹ̀ mí lẹ́yìn”. Egungun bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ lábẹ́ ìwúwo tí kò tó nǹkan.

Apá tí wọ́n ti yọ àwọn kókó abíyá rẹ̀ ló ń kó wàhálà báni jù. Bó bá wú, ẹbí á fi òrí gbígbóná fà á látọrùn ọwọ́ lọ sókè tagbáratagbára. Omi náà kò rọ́nà lọ, torí ọ̀nà tó yẹ kó gbà ni wọ́n ti yọ. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ lápá. Ọrùn ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, lẹ́yìn náà àyà, kó fi lànà sí abíyá kejì, kó tó wá bọ́ sí èjìká, apá òkè, ìgbọ̀nwọ́, ọwọ́. Agbára ọwọ́ rẹ̀ kò ju kí awọ sún díẹ̀ lọ. Kì í lo òróró, torí ọwọ́ á máa yọ̀. Tó bá parí, báńdéèjì ló kàn. Ẹni tó bá ní ó dìgbà tó bá dùn yín kó tó ṣiṣẹ́, ẹ dìde níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó gbóná, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ń dunni, ẹ má wọ́ ọ rárá. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀, ọwọ́ sì lè tú u kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ọsibítù, lọ́jọ́ náà.

Oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ Ṣáínà:
Abẹ́rẹ́ wa kò ní oògùn nínú. Ó tín-ín-rín, bíi mílímítà 0.25, ó sì ń wà lára fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ jẹ́ kí wọ́n já ọ̀rá rẹ̀ lójú yín, kí wọ́n sì jù ú nù lẹ́yìn lílò. Bí neutrophils, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà, bá dín sí 500, a kì í gún. Kòkòrò á rí ihò wọlé, kò sì ní sí ẹni tó máa dá a lọ́nà. A kì í gún apá tí oníṣẹ́ másáàjì sọ lókè yẹn náà. Bí ẹ bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ẹ sọ ọ́ ká tó ṣí abẹ́rẹ́. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wá, òòyì máa ń kọ́ ẹni tí ebi ń pa.

Orí èjìká àti àyà ló léwu jù: ẹ̀dọ̀fóró kò jìnnà sí awọ níbẹ̀, abẹ́rẹ́ tó bá wọlé jù lè lu ú. Bí àyà bá ń dùn yín tí ẹ kò lè mí dáadáa lẹ́yìn tẹ́ ẹ délé, kódà bó di ọjọ́ kejì, ẹ má dùbúlẹ̀ sílé.

Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka jẹjẹrẹ:
Àfikún díẹ̀. Paclitaxel, ọ̀kan lára oògùn kẹ́mò, máa ń jẹ́ kí ọmọ ìka kú tipiri, aláìsàn kò sì ní mọ̀ pé táwẹ́ẹ̀lì gbígbóná ń jó òun. Ẹni tó ń wọ́ ọ ni kó fi ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀ dán omi wò. Ibi tí wọ́n sàmì sí fún rediéṣọ̀n, ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, ẹ má fi ìpara tó ń ta kàn án.

Bí oníṣẹ́ másáàjì bá tún gbé ìgò àgbo kalẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ọwọ́ kì í bá kẹ́mò pàdé nínú ẹ̀dọ̀, àgbo lè bá a pàdé. Ẹ béèrè orúkọ ewé àti egbò tó wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ọsibítù, kí dókítà rí i kẹ́ ẹ tó mu ife kan.